Okùn Tó Le Lórí Òkè

Kò sí ọkùnrin tó mọ òkè Atakpamé gùn bí èmi nígbà ọ̀dọ́ mi. Ẹ béèrè ní Akparé, ẹ béèrè ní Agbonou. Ìwé díẹ̀ ni mo kà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kàwé dáadáa. Síbẹ̀, ìyàwó mi ló gbà mí lọ́wọ́ ikú, n kò ní fi pamọ́.

Orí òkè ni wọ́n bí i sí. Níbẹ̀, bí iná ẹ̀ẹ̀rùn bá ti jó koríko tán, tí ilẹ̀ sì là, wọ́n á kan èèkàn méjì, ọ̀kan lókè ojú ibi tó là, ọ̀kan nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á so okùn tó dẹ̀ mọ́ wọn. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí okùn náà le, ilẹ̀ ń rìn nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba abẹ́ ibẹ̀ títí koríko tuntun yóò fi hù.

Lọ́dún kan, àwọn Faransé ń kó wa ṣiṣẹ́ ọ̀nà Anié. Ẹni tó bá pẹ́, àtìmọ́lé ni. Òjò rọ̀ mọ́jú, mo sì sùn jù. Mo gbé ọkọ́ mi, mo dorí kọ ọ̀nà àbùjá tó gba abẹ́ òkè.

Ìyàwó mi, tó ti so irú okùn bẹ́ẹ̀ sórí òkè yẹn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní, "Bàbá ọmọ mi, okùn ti le."

"Okùn? Ṣé ewúrẹ́ ni mí?"

"Ewúrẹ́ gbọ́n. Ó máa ń wo ibi tó fẹ́ fò sí."

"Òkúta tó bá rí mi á yà lọ́nà!"

Ó já ọkọ́ gbà lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé èjìká, ó sì sá gba ọ̀nà jíjìn, tòun ti ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Kí ni kí n ṣe? Ẹni tó dé ibi iṣẹ́ láìmú ọkọ́, àtìmọ́lé náà ni. Mo ń sáré tẹ̀lé e, mo ń bú u. Èmi tí ẹnìkan kì í sá fi sílẹ̀, n kò lé e bá!

A kò tíì dé odò tó wà lọ́nà jíjìn náà nígbà tí òkè bú ramúramù lẹ́yìn wa. Ilẹ̀ pupa, òkúta, igi tòun ti gbòǹgbò, gbogbo rẹ̀ ya bo ọ̀nà àbùjá náà. Ìyàwó mi dúró, ó na ọkọ́ sí mi.

"Ẹ gbà. Ẹ ti pẹ́."

Lóòótọ́, wọ́n tì mí mọ́lé lọ́jọ́ náà. Inú ibẹ̀ ni mo ti ń yin ìyàwó mi fún ẹ̀ṣọ́, títí ó fi bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́.

Lọ́dọọdún, èmi fúnra mi ni mo ń so okùn náà báyìí. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n so tó mi. Ìyàwó mi á dúró kí n so ó tán, á tú u, á sì tún un so.