Ọjọ́ Tí Mo Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà Nítorí Ìdánwò Ṣọlá

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ Sátidé kan ní yàrá wa ní Durumi, ní Àbújá níbí. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í lè sọ̀rọ̀ láàárín èrò. Ó rọ̀ mí lọ́rùn kí n tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù ju kí n fi ẹnu sọ ọ́ lọ.

Ọmọ àbúrò ìyá mi ni Ṣọlá. Mo jù ú lọ, "Àǹtí Wúrà" ló ń pè mí. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé Àbújá, èmi náà ni mo gbà á sí yàrá nígbà tó dé. JSS 2 ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ kọ́ irun dídì, òun náà ni mo sì ń ṣe ní ọjà Utako. Ṣọlá ní tirẹ̀ kàwé títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọ́fíìsì tí afẹ́fẹ́ tútù ti ń fẹ́ sí i lára ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lára kí àbúrò ẹni kọjá lára ẹni, kó máa lọ síwájú? Tí ìyá mi bá pè láti ilé, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè ni, "Ṣọlá ńkọ́?" Ìyá tó bí èmi o!

Nígbà tó wá ní òun fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí business analyst, mo bi í pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tó máa ń lọ sí ilé iṣẹ́ ni, tó máa bi àwọn tó wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan wọn, ibi tó ti ń dà wọ́n láàmú, àti ohun tí wọ́n ń fẹ́ gan-an, tó máa wá ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó máa bá wọn tún un ṣe. Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, mo ní: ìbéèrè! Wọ́n wá ń gba ìwé ẹ̀rí lórí ìbéèrè? Àwọn tí mò ń dirun fún ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ta ló fún wọn ní ìwé ẹ̀rí?

Èmi ló tún wá fi ń kọ́ iṣẹ́. Mo máa ti ọjà dé, ẹsẹ̀ á máa ro mí, Ṣọlá á jókòó tì mí, á máa da ìbéèrè bò mí. Kí ló dé tí àwọn oníbàárà fi ń pẹ́ níbẹ̀ kí irun wọn tó kàn? Ta ló ń pinnu ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ dì fún? Lọ́jọ́ kan ó ní, "Àǹtí Wúrà, kí lẹ̀yin gan-an fẹ́?" Ó bọ́ sí mi lára bí ẹni fọwọ́ kan egbò. Mo ní òùngbẹ ń gbẹ mí, mo dìde.

Òùngbẹ kọ́. Owú ni.

Àṣé inú ilé ni èèyàn ti lè ṣe ìdánwò ọ̀hún, lórí kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan máa wà níbi tó jìnnà, á máa fi kámẹ́rà ṣọ́ ẹ. Ẹlòmíràn ò gbọ́dọ̀ wọ yàrá náà. Tí wọ́n bá gbọ́ ohùn ẹlòmíràn pẹ́nrẹ́n, wọ́n á fagi lé e! Ṣọlá sì ti kùnà lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní tí kò bá yege lọ́tẹ̀ yìí, ẹlòmíràn lòun máa gbé sí ipò tuntun tí òun ń fi pamọ́ dè é.

Nígbà tó di Sátidé, Ṣọlá kó gbogbo ẹrù irun mi síta. Ó ní ògiri gbọ́dọ̀ ṣófo, ó yọ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, ó yọ fọ́tò mi náà. Ó wá kúnlẹ̀, ó ní, "Àǹtí Wúrà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni wọlé. Ẹ̀yin nìkan ni mo ní."

Bí èmi àgbà ṣe di ọlọ́dẹ nìyẹn! Mo jókòó láàárín ẹrù mi, mo fa ojú ro. Mẹ́ruwà kan, àwọn tó ń ta omi kiri, ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé, ó fẹ́ pariwo omi, mo fi ìka sẹ́nu. Ó ní, "Yauwa," ìyẹn ni pé ó dáa, ó kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́.

Ta ni mo tún rí? Mọ́mì Bwari! Olórí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ni wọ́n, Bwari tí wọ́n ń gbé la fi ń pè wọ́n. Wọ́n ti làágùn, ìgò òróró àdúrà wà lọ́wọ́ wọn. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Kí ló ṣe ohùn ẹ? Ọ̀fìnkìn ni? Ṣọlá ńkọ́?"

Ẹ ò rí i? Ṣọlá náà ni!

Wọ́n ní Ṣọlá ló ní káwọn bá òun gbàdúrà nípa ìdánwò, àwọn ò sì fẹ́ fi fóònù ṣe é, àwọn fẹ́ gbọ́wọ́ lé e lórí. Mo ní ó ti bẹ̀rẹ̀, mà. Wọ́n ní, "Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Kó kàn tẹ orí ba ni! Mo ń pẹ́ níbẹ̀ ni?" Wọ́n nawọ́ sí ilẹ̀kùn.

Ẹ gbọ́, ọkàn mi bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní: Wúrà, yà fún wọn. Ta ló máa bá ẹ wí? Àgbà ló dé, àdúrà ni wọ́n bá wá. Ṣọlá á wá mọ bó ṣe ń rí kí èèyàn dúró sójú kan. N kò ní purọ́ fún yín, mo yà díẹ̀!

Bí mo ṣe yà, ẹsẹ̀ mi kan nǹkan kan nínú ẹrù. Fọ́tò mi ni. Ṣọlá ti fi gèlè rẹ̀ tó dáa jù, èyí tí kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn, wé e kí dígí rẹ̀ má baà fọ́.

Ọwọ́ mi ti di ìró Mọ́mì mú kí n tó mọ̀. "Mọ́mì, ẹ má wọlé!"

"Èmi? Wúrà, èmi lò ń fà láṣọ? Ṣé ẹ kọ àdúrà nílé yìí ni?" Ohùn wọn ti ń lọ sókè.

Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Mo ní, "Ẹ gbà á sí mi lórí, mà. Màá bá yín fún un. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni."

Wọ́n ṣí ìgò òróró wọn. "Tẹ orí ba."

Tí Mọ́mì Bwari bá ń gbàdúrà, àwọn ará Suleja lè gbọ́ ọ! Lọ́jọ́ yẹn, etí mi ni wọ́n sọ ọ́ sí. Òróró ń ṣàn wọ ojú mi. Wọ́n ní kí Olúwa gbé ọmọ yìí ga, kí ohun tó kọ́ má ṣí lọ lórí rẹ̀, kó yege níbi tó ti kùnà. Mo ń ṣe àmín, àmín. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo gbàgbé pé ti Ṣọlá ni.

Mọ́mì bá mi jókòó títí ìdánwò fi parí. Ṣọlá yege! Ó fò jáde, ó ń pariwo, Mọ́mì ló sì kọ́kọ́ dì mọ́. Lọ́jọ́ Sunday, Mọ́mì jẹ́rìí pé àdúrà àwọn ló ṣe é. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pàtẹ́wọ́, Ṣọlá jó. Ta ló dárúkọ ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà? Ẹ má rò pé owú mi ti tán o. Ó tún gbóná sí i ni!

Nígbà tí a délé, mo sọ ọ́ fún un. Mo ní, "Ṣọlá, mò ń jowú ẹ." Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti mọ̀, pé látìgbà tí òun ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà ni n kò ti jẹ ìrẹsì òun mọ́. Ó wá tún ìbéèrè ọjọ́sí bi mí: "Kí lẹ̀yin gan-an fẹ́?"

N kò dìde lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní mo fẹ́ padà sílé ìwé. Ní báyìí, mo ti ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo ń jókòó sí.

Ohun tí mo kọ́ ni pé owú máa ń sọ ohun tó wu èèyàn fún un, ṣùgbọ́n kò yẹ kó bá wa yan ohun tí a máa ṣe. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti jowú rí, kí lẹ sì ṣe? Ẹ kọ ọ́ síbí, mo máa kà á, bí n kò tiẹ̀ dáhùn.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí han Mọ́mì Bwari. Wọ́n rò pé mo ti fún Ṣọlá ní àdúrà yẹn. N kò tíì fún un o. Ó ṣì wà lórí mi, mo sì ń lò ó.