Ọjọ́ Tí A Kọ̀ Láti Di Oníbàárà Nínú Ẹgbẹ́ Tiwa

Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni àtíbàbà tí mo ti ń yan gàrí ní Lálúpọn jóná. N kò tíì rí ara mi gbé nílẹ̀ tí ẹgbẹ́ ìdójútòfò àwa àgbẹ̀ fi rán káfíńtà àti páànù wá. Ẹgbẹ́ náà kò ní ọ̀gá kankan tó dá a ní. Àwa tí à ń dáwó sí i la ni ín, àwa la sì ń dìbò yan àwọn tó ń bójú tó o. Láti ìgbà yẹn ni n kò ti pa ìpàdé jẹ mọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí akọ̀wé wa gbé ìwé kan wá. Ó ní àwọn olówó kan láti Ìbàdàn fẹ́ bá wa sọ ẹgbẹ́ di kọ́ńpìnnì.

"Kò sí ohun tó máa yí padà fún yín," ó ní. "Ẹ kàn tẹ ìka síbí."

Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ìwé náà. Mo rọra kà á. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti tẹ ìka kò ní lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò mọ́, kò sì ní ní ìpín kankan nínú ohun tí ẹgbẹ́ ní. Alhaja àgbà tó jókòó tì mí ti ki àtàǹpàkò bọ inú yíǹkì.

"Alhaja, ẹ dúró ná," mo ní. "Ìwé yìí fẹ́ sọ wá di oníbàárà lásán."

"Oníbàárà ta ni?"

"Ti àwọn olówó yẹn, mà."

Wọ́n fi etí ìró nu ìka wọn. "Orí mi ni mo fi ru búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi kọ́ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ yìí," wọ́n ní, "oyún àkọ́bí mi sì wà nínú mi."

Akọ̀wé ní, "Ẹ má bínú, ìyá. Orúkọ ọkọ yín ló wà nínú ìwé ẹgbẹ́, wọ́n sì ti kú."

Ó dùn mí gan-an, nítorí pé láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú, Alhaja kò jẹ ẹgbẹ́ ní owó ìdáwó oṣù kan rí. Mo bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n má tíì tẹ ìka.

Lọ́jọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Ẹgbẹ́dá, lọ́dọ̀ alága wa àtijọ́. Àìsàn ti dá wọn dùbúlẹ̀, àmọ́ ìyàwó wọn bá mi wá ìwé òfin ẹgbẹ́ jáde nínú àpótí. Ó wà níbẹ̀ kedere: opó tó bá ń dáwó lọ ló jogún ipò ọkọ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè yí ẹgbẹ́ padà, àfi tí wọ́n bá ṣàlàyé fún wa ní èdè tó yé wa, tí ọ̀pọ̀ wa sì fọwọ́ sí i nínú ìbò.

Èmi àti Alhaja bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojúlé dé ojúlé, à ń bẹ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ ká dìbò lórí ìwé náà. Àwọn kan lé wa. Ọkùnrin kan tí òjò ba àgbàdo rẹ̀ jẹ́, tó ṣì ń retí owó ẹgbẹ́, ní òun kò fẹ́ kí akọ̀wé bínú sí òun. Ọkọ mi náà bi mí pé, "Tí iná bá tún jó ibi iṣẹ́ ẹ ńkọ́?" Ẹ̀rù ń ba èmi náà, ṣùgbọ́n n kò dúró.

Lọ́jọ́ ìbò, akọ̀wé ń pe orúkọ. Nígbà tó dórí orúkọ ọkọ Alhaja, Alhaja dìde.

"Èmi ni mo wà níbí."

Akọ̀wé wo ìwé òfin tó wà lọ́wọ́ mi, ó sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀. A dìbò, a sì kọ̀ láti gba ìwé àwọn olówó náà.

Lẹ́yìn òjò, wọ́n padà wá pẹ̀lú ìwé tuntun, Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ àtàwọn opó máa ní ìpín nínú kọ́ńpìnnì náà láìsan kọ́bọ̀, àwa la ó sì máa yan ìdajì àwọn tí yóò máa darí rẹ̀. Èyí la fọwọ́ sí. Wọ́n yàn mí mọ́ àwọn olùdarí náà. Àwọn kan ní ìbéèrè mi ti pọ̀ jù. Mo ṣì ń bi wọ́n.