Ọdún Kan Tí A Fi Gbé Inú Ọkọ̀ Onígbòkun

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìwé kẹta, bàbá mi kó gbogbo wa kúrò ní Kẹ́mta, ó ní inú ọkọ̀ ojú omi la ó máa gbé. Àwọn ẹbí ìyá mi rò pé ó ń ṣeré ni. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí a jọ dàgbà l'Abẹ́òkúta náà mọ̀ pé àpáta la mọ̀, a kò mọ omi. Ìyá àgbà bi ìyá mi léèrè pé, "Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe lórí ọ̀sà?"

Káfíńtà ni bàbá mi, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi l'Ékòó. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló máa ń wọ mọ́tò ní Kútọ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló sì ń padà dé. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ darúgbó tó ti ibi iṣẹ́ náà pa, ó fi ọkọ̀ onígbòkun kan tí ẹnikẹ́ni kò rà ta á lọ́rẹ. Bàbá mi sọ fún ìyá mi pé ó ti sú òun láti máa rí ojú ọmọ òun lọ́jọ́ méjì péré lọ́sẹ̀. Ó ní kí a kó àdìrẹ sínú ọkọ̀, kí a máa tà á láti erékùṣù dé erékùṣù. Ìyá mi, tó jẹ́ pé ìdí àdìrẹ ni wọ́n bí i sí, rò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó wá ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ọdún kan ni o."

Ọkọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju pálọ̀ ilé wa lọ. Bàbá mi fi pákó bo ẹ̀yìn rẹ̀, abẹ́ pákó yìí ni àwa mẹ́rin ń sùn: àwọn òbí mi, èmi, àti Sẹ̀míátù àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́rin. Bí a bá ti ń lọ lójú omi, ìyá mi á fi okùn so Sẹ̀míátù mọ́ òpó ìgbòkun bí àgbò iléyá. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa gbọ́n omi tó bá jò wọlé, kí n sì ha ìpẹ́ ẹja. Èpìyà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa la máa ń fi jẹ láfún, ata rodo á máa ta wá lẹ́nu. Òórùn aró àti òórùn ẹja ti di ọ̀kan náà lára wa.

Inú kẹ́ẹ̀gì la ń pọn omi mímu sí. Ọmọ tó bá fi ṣanwọ́, bàbá mi á ní kó jókòó síwájú ọkọ̀, kó ka tábù láti orí méjì dé méjìlá sókè ketekete. Mo mọ tábù mi dáadáa. Bí a bá sì ń kírun, ọkọ̀ á máa yí díẹ̀díẹ̀. Kí a tó sálámà, a ti kọ ẹ̀yìn sí kíbúlà. Bàbá mi ní Ọlọ́run mọ̀ pé orí omi la wà.

Bàbá apẹja kan, ará Ìlàjẹ, ló kọ́ bàbá mi bí wọ́n ṣe ń darí ìgbòkun. Ó máa ń sọ fún un pé, "Ìjì kì í bá èèyàn jiyàn. Tí o bá ti rí i, ká ìgbòkun."

A ti lo bí oṣù mẹ́ta nígbà tí ojú ọ̀run ṣú láti apá òkun lọ́sàn-án ọjọ́ kan. À ń lọ sí erékùṣù kan tí wọn yóò nájà lọ́jọ́ kejì, a sì ti ń rí igi àgbọn wọn lọ́ọ̀ọ́kán.

"Bàbá Sìkírá, ẹ ká ìgbòkun," ìyá mi fi orúkọ mi pè é.

"A ti fẹ́ débẹ̀. Atẹ́gùn yìí gan-an ni yóò gbé wa dé."

"Ẹ ká a."

Kò ká a. Kò pẹ́ tí ìjì fi dé. Ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi rọ́ wọlé, Sẹ̀míátù sì yọ̀ lórí pákó, ó já sínú ọ̀sà. Okùn ìdí rẹ̀ le tantan. Mo dì í mú, mo ń fà á, agbára mi ò ká a. Orí rẹ̀ yọ, ó tún rì. Bàbá mi ń tú okùn ìgbòkun, ṣùgbọ́n omi ti mú kí kókó rẹ̀ le, kò tú. Ìyá mi kò pariwo. Ó mú ọ̀bẹ tó fi ń bẹ iṣu, ó gé okùn ìgbòkun. Aṣọ ńlá náà wó lé wa lórí, ọkọ̀ dìde. Èmi àti ìyá mi wá jọ fa Sẹ̀míátù wọlé. Ó bi omi, ó sunkún, ó ní òun fẹ́ lọ sí Kẹ́mta.

A gbọ́n omi títí ọwọ́ mi fi bó. Àjẹ̀ ni bàbá mi fi wà wá dé erékùṣù náà. Àwọn ará ibẹ̀ dáná fún wa, wọ́n fún wa ní ẹ̀kọ gbígbóná, àwọn obìnrin wọn sì bá wa sá àdìrẹ tó tutù. Bàbá mi jókòó nílẹ̀ níwájú ìyá mi.

"Ìyá Sìkírá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ gbà wá là."

Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò gbọ́ kí bàbá mi pe ìyá mi ní "ẹ" rí. Mo wo ojú ìyá mi, bóyá yóò sunkún. Ó ní, "Ẹ mu ẹ̀kọ yín kó tó tutù."

Mo rò pé ilé ló kàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá mi ní, "Ọdún kan la jọ sọ. Ẹ ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń darí ìgbòkun." Ó kọ́ ọ, kò sì pẹ́ tó fi mọ̀ ọ́n ju bàbá mi lọ. Ọjọ́ tó bá ní kí a má lọ, a kì í lọ. Nígbà tí ọdún pé, tó tó àkókò kí Sẹ̀míátù wọ ilé ìwé, mọ́tò akẹ́rù gbé wa padà. A kọjá Ìtòrí, a sọ̀ kalẹ̀ ní Kẹ́mta, ilẹ̀ ṣì ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bíi pé orí omi ni mo wà.

Bàbá mi ti ṣaláìsí báyìí. Èmi náà ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, mo ń kúrò nílé kí àwọn ọmọ mi tó jí. N kò ní purọ́, ayé òní rọrùn. Yàrá mẹ́rin ló wà nílé wa, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ó sì ní fóònù. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ yẹn, bí èmi àti Sẹ̀míátù bá jà, kò síbi tí ẹnikẹ́ni fẹ́ bínú lọ. Kí ọbẹ̀ tó jiná, ìjà ti parí. Nílé tèmi, ọmọ lè bínú wọ yàrá rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, kí n má mọ̀ títí di Ọjọ́bọ̀.