Okùn Tí Mo Fún Jù

Ìyá mi gbà tẹ́lẹ̀ pé kò sẹ́ni tó mọ nǹkan-án ṣọ́ bí èmi. Ó ṣáà ń rí mi níbi tí mo ti tẹjú mọ́ ìlẹ̀kùn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tì. Kò mọ̀ pé bí mo bá yíjú báyìí, ọkàn mi á ní, "Ṣé o tì í?" Màá sì padà lọ fà á wò, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹwàá.

Lọ́jọ́ kan, a kó ẹja yíyan apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, sínú ọkọ̀ ojú omi wa. Ìyá mi ní kí n so ó mọ́ òpó ilé wa tó wà nínú omi, kí n máa ṣọ́ ọ, òun ń lọ wá epo sí ẹ́ńjìnnì. Ọmọdé etí omi pàápàá mọ̀ pé bí omi bá ń kún, èèyàn á dẹ okùn sílẹ̀, kí ọkọ̀ lè bá omi gòkè. Èmi náà dẹ ẹ́. Àmọ́ bóyá ó máa tú? Mo dìde, mo fún un pinpin. Mo jókòó. Mo tún dìde, mo tún fún un.

Aládùúgbò wa pariwo pé, "Omi ń kún o!"

Mo ní, "Mò ń wò ó!" Kókó okùn ni mò ń wò.

Imú ọkọ̀ ò lè gbéra mọ́. Omi gba orí rẹ̀ wọlé, ẹja yíyan sì padà sílé bàbá rẹ̀. Kókó mi ò tú o, ẹ má purọ́ mọ́ mi. Àdá ni wọ́n fi gé e.

Ìyá mi ò nà mí. Ó jókòó, ó sunkún, ìyẹn sì dùn mí ju ẹgba lọ. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan okùn ọkọ̀ mọ́. Àlejò tí a bá gbé lójú ọ̀nà ló máa ń gbé okùn fún. Ojú tì mí gan-an.

Nọ́ọ̀sì kan tó wá láti òkè ló sọ fún mi pé àìsàn ọkàn ni, irú èyí tó ń mú kéèyàn máa yẹ nǹkan kan wò léraléra. Ó ní ojú mi ríran dáadáa, ibì kan ṣoṣo ló ń há sí. Ó kọ́ mi pé kí n máa ṣe nǹkan lẹ́ẹ̀kan, kí n fi í sílẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, ìyá mi ju okùn ọkọ̀ sí mi. Mo dẹ ẹ́, mo so ó lẹ́ẹ̀kan, mo wọlé lọ jẹun. Ọkàn mi ní kí n lọ wò ó, àmọ́ mi ò dìde. Ìyá mi ló dìde. Ó ní òun fẹ́ da omi nù. Ó tún lọ sá aṣọ. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó kàn lọ ni.

Mo ní, "Màmá, ṣé kò tíì tú?"

"Ó ṣì wà níbẹ̀." Ó jókòó, kò pẹ́ ló ní, "Ìwọ náà ò ṣe lọ wò ó?"

Mo ní nọ́ọ̀sì ò fẹ́. Mo bu pupuru mi, mo jẹ.