Òkun Tí Mo Pa Láró

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Títí mo fi lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, n kò fojú mi rí òkun rí. Omi tó tóbi jù lọ tí mo mọ̀ ni èyí tí ìjọba sé fún ẹ̀rọ omi. Síbẹ̀, èmi ni wọ́n wá bẹ̀ níṣẹ́ pé kí n lọ ya àwòrán etí òkun láti òkè wá. Mo gbà á, n kò sì jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni pé n kò dé ibẹ̀ rí.

Iṣẹ́ fótò ni mo kọ́, ní Ọ̀yọ́, lọ́dọ̀ bàbá kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ọláníyan. Alàgbà ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan, wọn kì í sì í pariwo mọ́ ọmọṣẹ́. Ní ọdún kẹta tí mo wà lọ́dọ̀ wọn, mo fi kọ̀ǹpútà bó ìyàwó kan láwọ̀ títí ọmọ ọlọ́mọ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di òyìnbó. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, ìyá ìyàwó gbé àwòrán náà dé ṣọ́ọ̀bù wa, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ ta lẹ gbé fún mi yìí?" Bàbá Ọláníyan bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn tó lọ tán, wọ́n ní kí n jókòó, kí n tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo tún un ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyàwó ni mo pè é. N kò mọ̀ pé ó kan ohun mìíràn.

Nígbà tí mo gba òmìnira, mo padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Under G, láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwòrán ọjọ́ìbí àti ti ìkẹ́kọ̀ọ́yege ni mo ń yà kí n tó ra dróònù. Dróònù ni ẹ̀rọ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ń fò, tó sì gbé kámẹ́rà há abẹ́ àyà. Èèyàn á dúró sílẹ̀, á máa fi rìmóòtù darí rẹ̀, á sì máa wo ohun tó ń rí lójú fóònù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé e sókè, àṣá méjì gbá tẹ̀ lé e, wọ́n rò pé àlejò wá gba ìtẹ́ wọn. Mo fi ìbẹ̀rù mú un balẹ̀ sórí òrùlé olónjẹ kan. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọlọ́kadà Under G ti ń pè mí ní Ìyá Dróònù, bẹ́ẹ̀ n kò tíì bímọ nígbà náà.

Ẹni tó gbé iṣẹ́ òkun wá ni Àǹtí Bùsọ́lá, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń gbé ní Ọ̀yọ́ pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ó ti rí fíìmù tí mo fi dróònù yà fún ìjọ kan.

"Mọ́rẹ́nikẹ́," ó ní, "ṣé nǹkan rẹ yìí lè fò lórí òkun?"

"Ó lè fò níbi gbogbo, mà."

Ó wá ṣàlàyé. Ìlú apẹja kan létí òkun, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ni wọ́n bí ìyá rẹ̀ sí. Ibẹ̀ náà ló ti ń ṣe tíṣà nígbà tó fẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n jọ ń kọ́ni, ló bá bá ọkọ rẹ̀ wá sílé. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti débẹ̀ kẹ́yìn. Ní báyìí, egungun ìbàdí rẹ̀ ti dá, kò lè wọ ọkọ̀ lọ ọ̀nà jíjìn mọ́, àmọ́ ojoojúmọ́ ló ń dárúkọ ibẹ̀.

"Wọ́n ní òkun ti ń jẹ ìlú náà," Àǹtí Bùsọ́lá sọ. "N kò fẹ́ kí Mọ́mì rí ibi tó ti bàjẹ́, torí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Ibi tó bá dára ni kó o yà. Kó o sì jẹ́ kí omi náà búlúù dáadáa, bí ti inú kàlẹ́ńdà."

Kí n tó lọ, mo yà sí Ọ̀yọ́ láti kí Màmá. Wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n fi aṣọ funfun bo ẹsẹ̀, ọ̀pá wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo kúnlẹ̀, wọ́n sì súre fún mi. Wọ́n wá ní, "Ilé bàbá mi wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Tí o bá dé ibẹ̀, ìyẹn gan-an ni kó o yà fún mi." Mo ní mo gbọ́, mà. Bí mo ṣe ṣèlérí ohun tí kò bára mu fún èèyàn méjì nìyẹn.

Mo wọ mọ́tò títí mo fi dé Ìgbókòdá, níbi tí ilẹ̀ ti parí tí ọkọ̀ ojú omi ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Ẹ̀bùn ló wá pàdé mi níbẹ̀. Apẹja ni wọ́n, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ìbátan Màmá kan ló bá mi fi fóònù wá wọn. Kò sọ ẹni tó rán mi fún wọn, wọ́n kàn mọ̀ pé ayàwòrán kan ń bọ̀ láti ìlú òkè. Wọ́n fi ọkọ̀ wọn gbé mi dé ìlú náà, wọ́n kọ́kọ́ mú mi lọ sọ́dọ̀ olórí ìlú kí n fi ìwé àṣẹ dróònù mi hàn, kí n sì tọrọ àyè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú mi dé etí òkun.

Mo dúró wò ó. Ó tóbi ju bí mo ṣe rò lọ, kò sì dákẹ́. Àmọ́ kí n má parọ́, àwọ̀ rẹ̀ já mi kulẹ̀. Létí ilẹ̀, ó rí bí omi ẹrẹ̀ tí ọkọ̀ ti kọjá nínú rẹ̀. Lọ́ọ̀ọ́kán, ó rí bí eérú.

Mo ní, "Bàbá, ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?"

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ kó rí?" wọ́n bi mí.

Mo béèrè ilé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n na ọwọ́ sí inú omi. Ògiri kan ló ṣẹ́ kù lára ṣọ́ọ̀ṣì náà, ìgbì ń gbá a. Lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí ilẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, òpó méjì dá dúró nínú omi, ẹyẹ funfun kan bà lórí ọ̀kan. Bàbá Ẹ̀bùn ní, "Ilé nìyẹn."

Mo gbé dróònù sókè. Mo ya ọkọ̀ àwọn apẹja, mo ya ilé tó ṣì dúró àti afárá onípákó. Lẹ́yìn náà mo darí rẹ̀ lọ sórí òpó méjì yẹn, mo sì yí i po. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, mo kàn rò pé kò dáa kí n débẹ̀ kí n má yà á. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti mú un. Mo fà á padà, ó dúró lójú kan. Mo fà á lẹ́ẹ̀kejì, ó ń fi ẹ̀yìn lọ sí agbami. Rìmóòtù bẹ̀rẹ̀ sí ké pé bátìrì ti ń tán lọ. Mo rí i lójú inú mi bí gbogbo iṣẹ́ mi ṣe ń rì.

"Ẹ mú un wá sísàlẹ̀," Bàbá Ẹ̀bùn sọ fún mi. "Atẹ́gùn òkè le ju ti ìsàlẹ̀ lọ."

Mo mú un sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Lóòótọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí bọ̀, ṣùgbọ́n ó ń rọra bọ̀ ni, bátìrì kò sì ní dúró dè é. Bàbá ní kí n wọ ọkọ̀. Wọ́n fi ẹ́ńjìnnì lé e, èmi ń darí, àwọn ń tukọ̀, omi ń fọ́n sí mi lójú. Nígbà tó kù bí ọ̀pá kan sí wa, wọ́n dìde nínú ọkọ̀ tó ń mì yẹn, wọ́n na ọwọ́, wọ́n sì gbá ẹsẹ̀ dróònù mú. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tó ń yí ya wọ́n níka díẹ̀. Mo tú gèlè mi, mo fi dì í, mo ń bẹ̀ wọ́n.

"Ẹja tó ní ẹ̀gún la máa ń mú," wọ́n dáhùn. "Èyí kò lágbára tó o."

Mo padà sí Under G, iṣẹ́ àwọ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Àwòrán tí a bá yà fún irú iṣẹ́ yìí kì í dán. Bí aṣọ tó ti ṣá ló máa ń rí, torí a ti ṣètò kámẹ́rà pé kó má pinnu àwọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ni yóò rẹ ẹ́ bó bá ṣe fẹ́. Èmi náà rẹ ẹ́. Mo yọ ẹrẹ̀ kúrò, mo yọ eérú kúrò, mo pa òkun náà láró títí ó fi búlúù bí ti inú kàlẹ́ńdà. Mo sọ yanrìn di funfun. Mo gé ògiri ṣọ́ọ̀ṣì dànù, mo gé òpó méjì dànù. Nígbà tí Àǹtí Bùsọ́lá rí i, inú rẹ̀ dùn gan-an, ó ní kí n wá sí Ọ̀yọ́ kí a jọ fi han Màmá.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni. A fi í sórí tẹlifíṣọ̀n. Màmá wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó parí, wọ́n ní, "Ó rẹwà. Níbo ni?"

"Ìlú yín ni, Mọ́mì," ni Àǹtí Bùsọ́lá fèsì.

"Rárá." Wọ́n kọjú sí mi. "Mọ́rẹ́nikẹ́, ṣé o dé ibẹ̀?"

"Mo dé ibẹ̀, mà."

"Àwọ̀ wo ni omi náà?"

Mo wo Àǹtí Bùsọ́lá. Ilẹ̀ ló ń wò. Mo ní, "Ẹrẹ̀ ni létí ilẹ̀, mà. Lọ́ọ̀ọ́kán, ó dà bí eérú."

Màmá mi orí. "Ẹrẹ̀ yẹn ló ń bọ́ edé. Ká ní omi náà mọ́ tó báyìí ni, kí ni bàbá mi ì bá fi tọ́ wa?" Wọ́n wá bi mí pé, "Ilé wọn ńkọ́?"

Àǹtí Bùsọ́lá wá ní, "Mọ́mì, ẹ̀jẹ̀ ríru yín ni mo rò."

"Bùsọ́lá, mo ti sin ọkọ, mo sì ti sin ọmọ," Màmá sọ, ohùn wọn kò le rárá. "Ṣé ilé ni yóò wá pa mí?"

Ojú tì mí. Kò sí irọ́ kan tí mo fẹnu pa, àmọ́ ọwọ́ mi ti pa á. Kọ̀ǹpútà mi wà nínú báàgì, gbogbo ohun tí mo yà sì wà nínú rẹ̀, torí n kì í pa ojúlówó àwòrán rẹ́. Mo bi Àǹtí Bùsọ́lá pé ṣé kí n ṣí i. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo fa àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Màmá, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lójú wọn.

"Dín aró yẹn kù," wọ́n ń sọ. "Ó tún pọ̀. Jẹ́ kí ẹrẹ̀ wá. Rárá, ìyẹn ti pọ́n jù, omi Ọ̀yọ́ nìyẹn lẹ́yìn òjò."

Èmi tí mo rò pé mo mọṣẹ́, ìyá arúgbó tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí ló ń kọ́ mi. Bí mo bá sún un síwájú díẹ̀, wọ́n á ní ó kọjá. Bí mo bá dá a padà, wọ́n á ní kò tíì dé. Lójijì wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Dúró. Òun nìyẹn."

Nígbà náà ni mo fi òpó méjì náà hàn wọ́n. Wọ́n ní kí n tún un fi. Mo tún un fi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Omi dà lójú wọn, wọn kò nù ún. "Ọwọ́ yàrá ìyá mi nìyẹn," wọ́n sọ. "Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ó ṣeun tó dúró." Àǹtí Bùsọ́lá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé e lórí.

Àwòrán náà ń lọ títí ó fi kan ibi tí Bàbá Ẹ̀bùn ti dìde nínú ọkọ̀, tí ojú wọn kún inú kámẹ́rà. Màmá na ọ̀pá sí i. "Ìdòwú nìyẹn. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ABD. Ojoojúmọ́ ló ń sá kúrò ní kíláàsì lọ pẹja." Mo fi fóònù pe Bàbá Ẹ̀bùn lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohùn tó pè wọ́n ní Ìdòwú, wọ́n dáhùn bí ọmọ iléèwé pé, "Tíṣà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Àwọn méjèèjì bọ́ sínú èdè ilé wọn, èmi àti Àǹtí Bùsọ́lá kò gbọ́ ju díẹ̀díẹ̀ lọ. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí fóònù mi fi gbóná.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo padà lọ gba ohùn Màmá sílẹ̀. Bí àwòrán ṣe ń lọ ni wọ́n ń dárúkọ ilé tó wà níbi tí omi wà báyìí, àti ẹni tó kọ́ ọ, àti ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń tà. Mo so ohùn náà mọ́ fíìmù, mo sì fi ránṣẹ́ sí Bàbá Ẹ̀bùn. Wọ́n ní gbogbo ìlú ló kóra jọ wò ó.

Láti ìgbà náà, kí n tó fọwọ́ kan àwọ̀ ibikíbi, mo máa ń wá ẹni tó dàgbà síbẹ̀, màá ní kó jókòó tì mí. Iṣẹ́ mi sì ti dára sí i. Àwọn oníbàárà kan ń sọ pé àwòrán mi máa ń ní òórùn ibi tí mo ti yà á.

Àmọ́ fíìmù òkun yẹn kò tíì parí. Bàbá Ẹ̀bùn pè mí pé Tíṣà ṣe àṣìṣe kan, pé ilé kẹta sí ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣe ti gbẹ́nàgbẹ́nà, ti ìyá bàbá àwọn ni. Mo sọ fún Màmá. Màmá ní kí Ìdòwú lọ jókòó, pé kò sí ní kíláàsì lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ wọn. Wọ́n ti jà á títí. Àwọn àgbà mìíràn ní ìlú náà ti dá sí i, olúkúlùkù sì ń fi ohùn tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ti tún un ṣe, bí wọ́n bá sì rí ilé mìíràn rántí lọ́la, màá tún fi kún un.