Iná Pupa Abẹ́ Pílásítà

Àwọn ará Ìjàn kì í fẹ́ rí Adébíyìí. Wolé-wolé ni, ìkòkò omi àti ṣáláńgá onílé ni iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá ti yọ lókèèrè, obìnrin á máa da omi nù, ọmọdé á máa gbálẹ̀. Kì í fojú fo ohunkóhun. Bàtà rẹ̀ a máa dán, ìjàpá aláwọ̀ ewé tó ń wà, mọ́tò Fọ́ksíwágìnì kékeré, kì í léruku.

Ohun kan ṣoṣo ló fojú fò: iná pupa kékeré tó máa ń tàn níwájú rẹ̀ nígbàkígbà tó bá wakọ̀ nínú òjò. Adérẹ̀mí, mẹkáníìkì rẹ̀ ní àdúgbò Adébáyọ̀ nílùú Adó, ní bẹ́líìtì tó ń yí fáàn ló ń yọ̀ bí omi bá ta sí i. Bó bá gbẹ, iná á kú. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ iná náà sú Adébíyìí. Ó gé pílásítà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Ní ọ̀sán kan ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1978, Màmá Monínúọlá já wọlé rẹ̀ nínú òjò. Òun ni Adébíyìí fi kóòtù halẹ̀ mọ́ láìpẹ́ sí ìgbà yẹn nítorí ìdin ẹ̀fọn tó bá nínú ìkòkò rẹ̀.

"Wolé-wolé, gbàgbé ìkòkò mi. Àtinúkẹ́, ìyàwó ọmọ mi, ti ń rọbí láti àná. Agbẹ̀bí ní ọmọ náà dábùú, ká gbé e lọ sí ọsibítù Adó."

Kò sí mọ́tò mìíràn nítòsí. Wọ́n tẹ́ Àtinúkẹ́ sí ìjókòó ẹ̀yìn, Màmá gbé orí rẹ̀ lé itan.

Wọn ò tí ì jìnnà tí wọ́n fi kan ibi tí odò ti kún bo títì. Adébíyìí rọra wà á já. Bó ṣe já báyìí, pílásítà pọ́n bí ẹyin iná.

"Uná wo nìyí?" ni Màmá bèèrè.

"Omi ni, Màmá. Á kú."

Wọ́n gun òkè, wọ́n sọ̀ ọ́. Kò kú. Adébíyìí bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Bó bá jẹ́ pé bẹ́líìtì kàn ń yọ̀ ni, kó máa lọ. Bó bá já ńkọ́? Fáàn yẹn nìkan ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì. Láìsí i, ẹ́ńjìnnì á gan kí wọ́n tó dé Adó, inú igbó ni wọ́n á sì wà pẹ̀lú aboyún. Ó fa pílásítà ya.

"Mo fẹ́ dúró wò ó."

"Dúró kẹ̀? Ṣé o fẹ́ pa á ni?" Màmá yọ ìgò omi ìyè tó gbé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, ó wọ́n ọn sójú iná náà. "Kú, lórúkọ Jésù!"

"Màmá! Omi ló kó bá wa, ẹ tún ń da omi lé e!"

"Omi tèmi ò ní ìdin nínú, bí ìyẹn ló ń bà ọ́ lẹ́rù."

Àtinúkẹ́ ké tòò. Adébíyìí páàkì.

Ó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì ìjàpá máa ń wà. Bẹ́líìtì ò já; omi ń kán lára rẹ̀. Ó fẹ́ pa á dé kó máa lọ, àmọ́ ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò. Ó rì wọlé bí okùn aṣọ sísá. Omi kọ́ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Bẹ́líìtì ti dẹ̀ tipẹ́. Òjò kàn ń tú àṣírí rẹ̀ ni, òun sì lẹ pílásítà mọ́ ẹnu ẹni tó ń kìlọ̀ fún un.

Ó mú sípánà. Adérẹ̀mí ti ṣe é lójú rẹ̀ rí: wọ́n á tú irin róbótó tí bẹ́líìtì há sí, wọ́n á yọ ọ̀kan kúrò nínú àwọn irin pẹlẹbẹ àárín rẹ̀ kí bẹ́líìtì lè le, wọ́n á sì dì í padà. Ẹ́ńjìnnì ń jó o lọ́wọ́. Nọ́ọ̀tì yọ̀ bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ tálẹ̀ kiri, igbe Àtinúkẹ́ sì ti ń rẹlẹ̀, èyí tó burú ju ariwo lọ. Ọwọ́ rẹ̀ bà á.

"Màmá, aṣọ gbígbẹ!"

Màmá tú gèlè orí rẹ̀. "Ti Kérésì nìyí o. Gbà."

Ó nu bẹ́líìtì gbẹ, ó yọ irin pẹlẹbẹ kan, ó dì í padà pinpin, ó padà sí ìjókòó awakọ̀, ó ṣáná sí ọkọ̀. Iná pupa tàn, ó ṣẹ́jú, ó kú.

"Ṣé o rí omi mi?" ni Màmá wí.

Adébíyìí ti gbé ọkọ̀ sójú títì. Ó ń sáré.

Ní ọsibítù, wọ́n gbé Àtinúkẹ́ wọlé kánkán. Adébíyìí dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò lè jókòó, títí ẹkún ọmọ fi sọ. Màmá jáde wá, orí rẹ̀ lásán.

"Ọkùnrin ni. Ìyá rẹ̀ ń mí. Dókítà ní bó bá ti pẹ́ díẹ̀ sí i ni…" Ó wo ẹrẹ̀ tó bo wolé-wolé láti orúnkún dé ilẹ̀, ó mi orí.

"Bàtà rẹ dọ̀tí. Ta ni kí n fẹjọ́ rẹ sùn?"