Namasiku Tó Sún Ààlà

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Namasiku fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Lusaka láìrí ìwé tó sọ pé òun ti di òṣìṣẹ́ gidi. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń tún gbà á, bí ẹni ń wọ́n àgbàdo sílẹ̀ fún adìẹ. Bí ìyá rẹ̀ bá pè é láti Mongu, kí wọ́n tó kíra tán ni ìyá á ti béèrè: "Ìwé yẹn ńkọ́, ọmọ mi?" Ìwé yẹn nìkan ló ń wá láyé.

Àmì ìkìlọ̀ ló ń ṣọ́ níbi iṣẹ́. Gbogbo ohun tó lè bàjẹ́ lára kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn náà ló ní àmì tirẹ̀, àmì kọ̀ọ̀kan sì ní ààlà. Èyí tí kò bá tíì kọjá ààlà, àwọ̀ ewé ni. Èyí tó bá kọjá á di pupa, ìròyìn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ni ilé ìwòsàn kí ọjọ́ kejì tó pé. Òfin tó dára ni, lórí ìwé.

Nínú oṣù kejì ọdún, àmì tó ń ka iye ọjọ́ tí wọn kò tíì ṣe ẹ̀dà ìwé àwọn aláìsàn tó wà nínú kọ̀ǹpútà ńlá di mẹ́rin. Mẹ́ta ni ààlà rẹ̀. Moonga tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ti sọ fún un pé ibi tí wọ́n ń kó ẹ̀dà sí ti kún, wọn kò sì ra òmíràn. Namasiku gbé e lọ sípàdé ọjọ́ Ajé.

Olùdarí, Ọ̀gbẹ́ni Chilekwa, wo àwọ̀ pupa náà lójú ẹ̀rọ tó wà lára ògiri. Oṣù kẹfà ni ìgbìmọ̀ yóò pinnu bóyá yóò tún jókòó sórí àga náà fún ọdún mẹ́rin.

"Ta ló kú?" ó bi í.

"Kò sẹ́ni tó kú, sà. Àmọ́ tí kọ̀ǹpútà ńlá bá bàjẹ́ báyìí, a ò ní..."

"Mo ní ta ló kú? Ṣé o wá túfọ̀ fún wa láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Moonga náà rẹ́rìn-ín, ojo lásánlàsàn.

"Ta ló ní ọjọ́ mẹ́ta?"

"Ìwé òfin wa ni, sà."

"Ìwé òfin ò lọ́wọ́. Ìwọ lo lọ́wọ́. Sọ ọ́ di mẹ́rìnlá."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi fọwọ́ sí i."

"Kí n fọwọ́ sí kí ni? Ṣé mo ń sá lọ ni? Ìwé tìẹ ṣì wà lórí tábìlì mi o, àbí o ti gbàgbé?"

Àwọn àgbà ní ẹnu ẹni la fi ń kọ mi ò jẹ. Namasiku ní ẹnu, kò fi kọ̀. Ó tẹ mẹ́rìnlá, pupa sì di àwọ̀ ewé lójú gbogbo wọn.

Chilekwa pàtẹ́wọ́. "Ẹ wò ó! Ara rẹ̀ ti yá!"

Nígbà tó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, olùdarí ní kó sọ ọ́ di ọgbọ̀n. Nígbà tí ọgbọ̀n náà fẹ́ pé, kò sẹ́ni tó sọ ohunkóhun fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ di ọgọ́ta lọ́jọ́ Ẹtì, kí ọjọ́ Ajé tó dé. Ó yẹ kí ẹ̀rù bà á, àmọ́ ìtura ló bá a, ó sì jẹ nshima rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà ní àjẹlá ọwọ́.

Lọ́jọ́ kejìléláàádọ́ta, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, kọ̀ǹpútà ńlá kú. Ìwé ọ̀sẹ̀ méje lé ló bá a lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì ń lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń bi aláìsàn léèrè oògùn tí wọ́n ti ń fún un. Ìyá Likando, olùkọ́ láti Matero, kò lè fèsì, ó ti dákú láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Abẹ́rẹ́ kan wà tí ara rẹ̀ kò gbà, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú ìwé tó sọnù. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ náà. Ó kú kí ó tó di ọ̀sán.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gbé ẹ̀kọ gbígbóná dé, ó rò pé bóyá ìyá òun á ti jí, ó bá bẹ́ẹ̀dì lófìfo. Ó rí káàdì ilé ìwòsàn lọ́rùn Namasiku ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni wọ́n gbé màmá mi lọ?"

Namasiku na ìka sí àwọn nọ́ọ̀sì, ó sì yára kọjá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Chilekwa fúnra rẹ̀ gbé àpò ìwé kan wá bá a, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kú oríire. O ti di tiwa."

Ìwé náà ni. Namasiku sunkún, ó pe ìyá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Màámi, wọ́n ti fún mi o!"

Igbe ayọ̀ ìyá fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ fóònù. Ó ń pe àwọn aládùúgbò: "Ẹ wá gbọ́ o! Ọmọ mi ti di ọ̀gá!"

Ibẹ̀ ni Namasiku ti rí ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí ìwé: ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, kí àmì kankan tó di pupa. Ìwé kejì wà lẹ́yìn rẹ̀. Lófin ilé ìwòsàn náà, ẹ̀ṣẹ̀ òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀, olùdarí ló ń rù ú. Òṣìṣẹ́ gidi ló ń ru tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Nínú ìwé kejì náà, wọ́n ní kí ó wá sọ fún ìgbìmọ̀ àti ọlọ́pàá, ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ náà, ìdí tí òun, tó ni àmì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, fi yí ààlà padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà nínú kọ̀ǹpútà tí àwọn àmì wà, èyí tí kò bàjẹ́.

"Namasiku, ṣé o ń gbọ́ mi? Gbogbo wọn ti dé, wọ́n fẹ́ kí ọ."

"Mò ń gbọ́ yín, mà," ó ní. "Ẹ fún wọn ní fóònù."